Kókó àìròtẹ́lẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró

Kókó àìròtẹ́lẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró ni orúkọ tí a ń pe ààmì róbótó kékeré tí ó hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn nígbà tí wọ́n ya àwòrán inú ara rẹ̀ nítorí ohun mìíràn. Ẹni náà kò wúkọ́, àyà kò dùn ún, kò sì sí ẹni tí ó rò pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Kókó tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 3 sẹ̀ǹtímítà lọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, wọn a sì máa fura sí i gidigidi pé àrùn jẹjẹrẹ ni títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn kókó kékeré wọ̀nyí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ bí irú kókó bẹ́ẹ̀, kì í sì í sábà dun ènìyàn títí yóò fi gbilẹ̀. Nàìjíríà kò tíì ní ètò ìjọba tí ń wá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kiri lára àwọn tí ara wọn le. Nítorí náà, ààmì tí a ṣèèṣì rí wà lára àǹfààní díẹ̀ tí ó wà láti tètè mọ àrùn náà níbẹ̀.

Orúkọ àti ìrísí

Lédè Yorùbá, kókó ni ohun líle tí ó yọ níbi tí ó yẹ kí ó tẹ́jú tàbí kí ó rọ̀. Ó wà lára igi, ó wà lára okùn tí a ta ní kókó, ó sì lè yọ lábẹ́ awọ. Orúkọ náà kò sọ ohun tí ó fà á, èyí ni ó sì mú un bá ọ̀rọ̀ yìí mu: ẹni tí wọ́n sọ fún pé kókó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbọ́ orúkọ àrùn kankan.

Afẹ́fẹ́ ni ó kún inú ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà dúdú ni ó máa ń hàn nínú àwòrán, nígbà tí ẹran, omi àti eegun máa ń funfun. Kókó jẹ́ ibi funfun láàárín dúdú. Àwòrán ẹ́síréè, tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán rẹ̀ ní 1895, máa ń to gbogbo ohun tí ó wà nínú àyà lé ara wọn. Egungun ìhà àti ọkàn lè bo kókó mọ́lẹ̀, ó sì ṣòro láti rí èyí tí kò tó 1 sẹ̀ǹtímítà. CT síkáànù yàtọ̀ sí èyí. Ó ń fi àyà hàn ní ìpele ìpele, bí ẹni gé búrẹ́dì, kókó tí kò ju 3 mílímítà lọ sì lè hàn kedere nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn kan ní London ní 1971. Òun àti Allan Cormack, tí wọ́n bí ní Johannesburg, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Láti ìgbà náà, bí ojú ẹ̀rọ ti ń mú sí i ni iye kókó tí a ń rí ń pọ̀ sí i. Ẹ̀dọ̀fóró àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ burú ju ti àtijọ́ lọ. Ojú tí a fi ń wò ó ni ó yàtọ̀.

Kókó kan lè dì pọ̀ ṣinṣin, kí ó funfun tán. Òmíràn lè dà bí ìkùukùu, tí a ṣì ń rí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ láàárín rẹ̀. Irú kẹta jẹ́ àdàlú méjèèjì, òun sì ni ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó jẹ́ jẹjẹrẹ. Èyí tí ó dà bí ìkùukùu nìkan, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ, kì í yára dàgbà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣalábàápàdé rẹ̀

Ìpetumodù, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ àpẹẹrẹ ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti lè ṣẹlẹ̀. Ó wà ní agbègbè ojú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú Mọ̀rò, Yákòóyò àti Ẹdúnàbọ́n. Ilé-ìwòsàn ńlá tí ó sún mọ́ ọn jù ni Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAUTHC) ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó ní ẹ̀ka ní Iléṣà pẹ̀lú, èyíinì ni Wesley Guild. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ibẹ̀, Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìbàdàn (UCH) kò jìnnà púpọ̀.

Ẹni tí mọ́tò gbá lójú ọ̀nà náà lè lọ ya àwòrán àyà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá egungun ìhà rẹ̀ ṣẹ́. Ẹni tí inú ń run lè ya àwòrán ikùn, kí ẹ̀rọ sì gbé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró mọ́ ọn. Ẹni tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, ẹni tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ gbà síṣẹ́, àti ẹni tí ó ń gbèrò láti lọ gbé ní Ìlú Ọba ju oṣù 6 lọ, náà máa ń ya àwòrán àyà. Ti ẹni ìkẹyìn yìí jẹ́ ọ̀ranyàn nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kò sí èyí tí ó ń wá jẹjẹrẹ nínú wọn.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń sọnù. Dókítà tí ó ní kí wọ́n ya àwòrán ń wá egungun tí ó ṣẹ́. Ẹni tí ó ka àwòrán náà kọ ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn sókè, ó sì fi gbólóhùn kan nípa kókó sí ìsàlẹ̀ ìwé. Aláìsàn gbọ́ pé egungun kò ṣẹ́, inú rẹ̀ dùn, ó sì gba ilé lọ. Kárí ayé ni irú àṣìṣe yìí ti wọ́pọ̀, kì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan. Àwọn ilé-ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa tọpa àwọn gbólóhùn ìsàlẹ̀ ìwé wọ̀nyí, kí ó sì pe àwọn tí ó kàn padà. Níbi tí kò bá ti sí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ni ìtọpa náà máa ń wà.

Ohun tí kókó náà lè jẹ́

Ọ̀pọ̀ kókó jẹ́ àpá àìsàn tí ara ti ṣẹ́gun. Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ara a máa mọ odi yí i ká; kòkòrò a kú, odi a sì kù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, odi náà lè le bí eegun. Kókó tí gbogbo inú rẹ̀ ti le báyìí kì í sábà ṣe ohun ìbẹ̀rù. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó máa ń fi irú àpá yìí sílẹ̀ jù ní Nàìjíríà. Histoplasma, tí ó máa ń gbé inú ìgbẹ́ àdán àti ti ẹyẹ, náà lè fà á.

Kókó mìíràn jẹ́ ẹ̀yà ara tí ń ṣọ́ ènìyàn lọ́wọ́ àrùn, irú èyí tí ó máa ń wú ní abíyá bí egbò bá wà lọ́wọ́. Òmíràn jẹ́ àdàlú ọ̀rá àti kerekere tí kì í pa ènìyàn. Jẹjẹrẹ láti ibòmíràn, bíi ọmú tàbí ìfun, tún lè ran dé ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà ìtọ́jú ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn mìíràn. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni jẹjẹrẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó ń mú kí ìfura pọ̀ ni pé kí kókó náà tóbi, kí etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ẹni pé ó ta gbòǹgbò, kí ó wà ní apá òkè ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹni tí ó ni ín ti dàgbà, kí ó ti mu sìgá pẹ́, tàbí kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti wà nínú ẹbí rẹ̀.

Ìwọ̀n àti àkókò

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń tẹ̀lé ni ti Fleischner Society, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969. Ẹgbẹ́ náà gbé ìlànà yìí jáde ní 2005, ó sì tún un ṣe ní 2017. Ó wà fún àwọn tí ó ti pé ọdún 35, tí wọn kò ní jẹjẹrẹ tẹ́lẹ̀, tí agbára ara wọn láti gbógun ti àrùn kò sì dínkù. Bí kókó kan ṣoṣo tí ó dì pọ̀ kò bá tó 6 mílímítà, tí ẹni náà kò sì sí nínú ewu púpọ̀, kò nílò àwòrán mìíràn. Bí ó bá wà láàárín 6 sí 8 mílímítà, kí ó padà wá ya CT láàárín oṣù 6 sí 12. Bí ó bá ju 8 mílímítà lọ, ó lè padà wá lẹ́yìn oṣù 3, tàbí kí wọ́n ṣe PET síkáànù, tàbí kí wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ wò.

Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé dókítà rí nǹkan tí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì ní kí aláìsàn lọ sílé kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù 6. Kì í ṣe àìbìkítà. Àkókò fúnra rẹ̀ ni àyẹ̀wò náà. Jẹjẹrẹ tí ó dì pọ̀ sábà máa ń di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan sí nǹkan bí 400 ọjọ́. Èyí tí ó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń jẹ́ àkóràn, àpá kì í sì í dàgbà rárá. Kókó tí ó dì pọ̀ tí kò yí padà fún ọdún 2 ni a kà sí aláìléwu. Èyí tí ó dà bí ìkùukùu ni a máa ń ṣọ́ fún ọdún 5, nítorí ìjáfara rẹ̀.

Ojú lásán lè tan ènìyàn jẹ níbi ìwọ̀n yìí. Kókó tí ó jẹ́ 8 mílímítà tí ó wá di 10 dà bí ohun tí ó fi díẹ̀ tóbi sí i. Ṣùgbọ́n ohun róbótó ni, ó ń fẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, sókè àti sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó ti di 10, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ẹnu sọ pé ó tóbi tàbí kò tóbi láìfi àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 30 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà mọ́ àwọn tí ìyọnu ikọ́ ẹ̀gbẹ pọ̀ sí jù. Ọ̀ràn yìí yí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ti sọ lókè padà. Apá òkè ẹ̀dọ̀fóró tí jẹjẹrẹ fẹ́ràn ni ikọ́ ẹ̀gbẹ náà fẹ́ràn. Àpá ikọ́ ẹ̀gbẹ lè ní etí ṣákaṣàka bíi ti jẹjẹrẹ. Àwọn méjèèjì a máa mú ènìyàn rù, wọn a máa mú un wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ sì lè jáde pẹ̀lú ikọ́ náà. Nínú èdè pàápàá wọ́n sún mọ́ ara wọn. Orúkọ àtijọ́ kan tí Yorùbá fún ikọ́ ẹ̀gbẹ ni jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ sì hàn nínú rẹ̀ bí ó ti hàn nínú jẹjẹrẹ: ohun tí ń jẹ ènìyàn láti inú.

PET síkáànù, tí ń fi ibi tí ara ti ń lo ṣúgà púpọ̀ hàn, kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà tán, nítorí pé ibi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ń jà náà máa ń lo ṣúgà. Ìwádìí kan tí Stephen Deppen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014 kó ọ̀pọ̀ ìwádìí ìṣáájú jọ. Níbi tí irú àkóràn bẹ́ẹ̀ kò ti wọ́pọ̀, nǹkan bí 77 nínú kókó 100 tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ni PET mọ̀ dájú pé kì í ṣe é. Níbi tí ó ti wọ́pọ̀, 61 ni. Ìlànà tí wọ́n kọ fún ìlú tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ṣọ̀wọ́n wúlò ní Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí oníṣègùn fi ti ibí kún un.

Ìjọra yìí ń pa ènìyàn lára ní ọ̀nà méjì. Ẹni tí ó ní àpá ikọ́ ẹ̀gbẹ lásán lè ronú pé òun ń kú lọ, kí ó ta ilẹ̀ nítorí ìtọ́jú tí kò nílò. Ọ̀nà kejì ni àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ti kọ nípa rẹ̀ léraléra: wọ́n fún aláìsàn ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nítorí àwòrán nìkan, oṣù 6 kọjá, ara kò yá, nígbà tí wọn yóò sì fi mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, ó ti ràn kiri. Ohun tí ó lè dín èyí kù kò ṣòro. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ GeneXpert, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2010, yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò kí ó sì sọ láàárín wákàtí díẹ̀ bóyá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti oògùn rẹ̀ lábẹ́ ètò ìjọba Nàìjíríà. Bí àyẹ̀wò náà kò bá rí kòkòrò, tí oògùn kò sì ran aláìsàn náà lọ́wọ́ láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ó yẹ kí wọ́n tún ìbéèrè náà bi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Sìgá, èéfín àti eruku

Sìgá ni ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù lágbàáyé. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2012 fi hàn pé nǹkan bí ìdá 5.6 nínú 100 àwọn àgbàlagbà ni ó ń lo tábà, àwọn obìnrin tí ó wà nínú wọn sì kéré gan-an. Nítorí náà a kò lè sọ pé ẹni tí kò mu sìgá ti bọ́.

Àjọ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé (IARC) ti ka èéfín igi ìdáná nínú ilé mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe gidigidi kí ó máa fa jẹjẹrẹ, ó sì ka eruku yanrìn dídára tí a ń fà símú mọ́ ohun tí ó dájú pé ó ń fà á. Àwọn méjèèjì kan Ìpetumodù, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn fún ìkòkò mímọ, iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Gbangba ni wọ́n ti ń sun ìkòkò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé èéfín lọ. Ti ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé burú ju ìyẹn lọ. Amọ̀ tútù kì í ru eruku. Èyí tí ó gbẹ, tí wọ́n ń gún tàbí tí wọ́n ń jọ̀, ni ó ń ru ú. Eruku yanrìn tí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀pọ̀ ọdún lè dá kókó sílẹ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá ní apá òkè, láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Èyí kò sọ pé amọ̀kòkò yóò ṣàìsàn. Ohun tí ó sọ ni pé kí ó dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ fún dókítà, kódà bí dókítà kò bá béèrè ju sìgá lọ.

Wíwá a kí ó tó hàn

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí NLST gba àwọn 53,454 tí ó ti mu sìgá púpọ̀ láti 2002 sí 2004, ọjọ́ orí wọn sì wà láàárín 55 sí 74. Wọ́n fi CT onítànṣán díẹ̀ yẹ apá kan wọn wò lọ́dọọdún ní ìgbà mẹ́ta, wọ́n sì fi ẹ́síréè yẹ apá kejì wò. Èsì rẹ̀ jáde ní 2011: ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 20 nínú 100 dínkù láàárín àwọn tí ó ya CT. Ṣùgbọ́n nínú àwọn CT tí wọ́n ti rí ohun ìfura, ó ju 96 nínú 100 lọ tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìwádìí NELSON ní Netherlands àti Belgium, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020, rí ìdínkù ìdá 24 nínú 100 láàárín àwọn ọkùnrin lẹ́yìn ọdún 10.

Láti 2021 ni ìmọ̀ràn Amẹ́ríkà ti wà fún ẹni ọdún 50 sí 80 tí ó ti mu tó páálí sìgá kan lójúmọ́ fún ọdún 20, tí ó ṣì ń mu ún tàbí tí kò tíì pé ọdún 15 tí ó jáwọ́. Ní England, ẹni ọdún 55 sí 74 tí ó ń mu sìgá tàbí tí ó ti mu ún rí ni wọ́n ń pè, èyí sì kan àwọn Yorùbá tí ń gbé ibẹ̀. Òṣùwọ̀n sìgá yìí kò lè rí ìyá àgbà tí ó ti fi igi dáná fún 40 ọdún. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ní Ìpetumodù tàbí ní Peckham, kókó tí wọ́n ṣèèṣì rí ṣì ni ọ̀nà tí ó ṣeé ṣe jù.

Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ

Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ gùn kókó náà láti ẹ̀yìn tàbí ìhà, tàbí kí wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé, kí wọ́n mú díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Bí jẹjẹrẹ bá dájú, tí kò sì tíì ràn, iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́: wọn yóò gé apá ẹ̀dọ̀fóró tí ó wà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ lè gba ìtọ́jú ìtànṣán. Nínú ìṣirò àgbáyé tí IASLC, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ṣe fún ẹ̀dà kẹjọ ìpele àrùn náà, nǹkan bí 92 nínú 100 àwọn tí jẹjẹrẹ wọn kò ju 1 sẹ̀ǹtímítà lọ, tí kò sì ràn, ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Lára àwọn tí tiwọn ti ràn dé ọ̀pọ̀ ibi nínú ara, wọn kò tó 10.

Fíìmù àtijọ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn Nàìjíríà, aláìsàn ni ó ń gbé fíìmù tàbí CD àwòrán rẹ̀ lọ sílé. Ẹlòmíràn a tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òmíràn a fi bo fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí dókítà tí ó rí kókó fẹ́ ju àwòrán tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ lọ. Bí kókó náà bá wà nínú ẹ́síréè ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sì yí padà, ọ̀rọ̀ lè parí lọ́jọ́ náà láìsí owó síkáànù mìíràn. Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn.

Ibi tí kò gbóná, tí kò sì ní ọ̀rinrin, ni ó yẹ kí fíìmù wà, nínú àpò rẹ̀, kí ó má ká. Kí ìwé àlàyé tí ó bá a wá wà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n yà á àti ìwọ̀n kókó náà ní mílímítà wà nínú ìwé yẹn.